TA NI Í JẸ́ "WỌ́N NÍ"?

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹnìkan ń bẹ ní ilẹ̀ wa tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí. Kò ní ilé, kò ní oko, kò san owó-orí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọ kankan. Síbẹ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀ ní òru, gbogbo ìlú ni yóò jí. Òun ni ó ń sọ iye tí gààrí yóò di ní ọ̀la. Òun ni ó ń sọ ẹni tí ó pa ọmọ aládùúgbò. Òun ni ó ń sọ egbòogi tí ó lè wo àrùn tí apá àwọn oníṣègùn kò ká. Bí a bá bi ènìyàn pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" yóò dáhùn pé, "Wọ́n ní." Wọ́n Ní ni orúkọ ẹni náà. Mo fẹ́ pè é lẹ́jọ́ lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin jókòó bí onídàájọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ẹ̀sùn kàn án, ó tọ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi pàápàá ti ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ rí.

Ní òru tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2014, mo sùn ní ilé mi ní Ayebode-Èkìtì. Aago méjì òru ti kọjá nígbà tí tẹlifóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, láti Ìbàdàn; ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Àbúrò mi, má sùn mọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn po iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí á fi wẹ̀, kí á sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní òun ni kò ní jẹ́ kí Ebola ràn wá. Jọ̀wọ́, jí àwọn ọmọ."

Ẹ rántí bí ọkàn wa ti rí ní ọjọ́ wọ̀n-ọn-nì. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà ni ọkùnrin kan, Patrick Sawyer, ti gbé àrùn náà láti Làìbéríà wọ Èkó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó kú ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, a sì ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ ti kú tẹ̀lé e. Ẹ̀rù bà wá, ẹni tí ẹ̀rù sì ń bà kì í yan ohun tí yóò dì mú.

Mo jí ìyàwó mi, mo jí àwọn ọmọ, mo gbé omi kaná. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ń fi ọwọ́ nu ojú oorun. Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́?" Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó wẹ̀ kíákíá, pé ọmọ tí a kọ́ dáradára kì í bi àgbà léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wẹ̀ tán tí a sì mu tán, mo gbé tẹlifóònù mi, mo pe ènìyàn mọ́kànlá.

Ẹni keje nínú wọn ni ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún mi?" Mo dá a lóhùn pé, "Yèyé, ọ̀ràn ikú là ń sọ yìí. Ẹ ṣáà mu ún." Ó mu ife méjì. Kí ó tó di ọ̀sán, Yèyé kò lè dìde mọ́. Orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara ní ẹnu rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀ kí Ọlọ́run tó dá a padà fún wa. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un láti tọrọ àforíjì, kò bínú sí mi. Ohun tí ó wí ni èyí: "Bí ó bá ṣe ẹlòmíràn ni, n kì bá tí mu ún. Nítorí pé ìwọ ni o sọ ọ́ ni."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ yín lára bí ó ti wọ̀ mí. Ẹni tí kò ní iyì, bí ó bá gbé irọ́ kiri, irọ́ náà kò ní lọ jìnnà. Iyì tiwa, aṣọ funfun tiwa, ìwé tí a kà, ni Wọ́n Ní fi ń rìn.

Àwọn mìíràn kò rí irú àánú tí èmi rí gbà. Ní ìlú Jos, a ròyìn pé ènìyàn méjì kú, a sì gbé nǹkan bí 20 lọ sí ilé ìwòsàn nítorí omi iyọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa irú ìwòsàn àhesọ bẹ́ẹ̀, ó sì dárúkọ ikú ènìyàn méjì, ó kéré tán, ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni Ebola kò dé Jos, kò sì dé Èkìtì, títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àrùn náà kò rí wa. Oògùn rẹ̀ ni ó rí wa.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu àwọn tí ń gbèjà Wọ́n Ní, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹni kìn-ín-ní wí pé, "Bí kò tilẹ̀ wo àrùn, kò ní pa ènìyàn. Iyọ̀ kì í ha ṣe ohun tí a ń jẹ lójoojúmọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, a ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni. Obìnrin tí ó fi iyọ̀ pa ẹran mọ̀ pé iyọ̀ a máa fa omi jáde lára ẹran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò fa omi jáde kúrò nínú ara, ọpọlọ pàápàá kò sì yọ sílẹ̀. Ní ti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò tún mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sí i. Kò sí ohun tí kò lè ṣe ibi bí a bá lò ó láìmọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹnìkejì wí pé, "Ènìyàn púpọ̀ ni ó sọ ọ́, gbogbo ẹnu kò lè parapọ̀ purọ́." Mo gba èyí gbọ́ ní òru náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn mẹ́ta ti pè mí láti sọ ìròyìn kan náà fún mi, inú mi sì dùn pé ẹlẹ́rìí ti pọ̀. Nígbà tí mo wádìí lẹ́yìn náà, mo rí i pé ẹni méjì nínú àwọn mẹ́ta náà gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn tí èmi fúnra mi pè. Ohùn ara mi ni ó yí ìlú ká tí ó tún padà wá bá mi, tí mo sì kí i káàbọ̀ bí àlejò. Bí a bá pọn igbá omi mẹ́wàá láti inú odò kan ṣoṣo, tí odò náà sì ní májèlé, ṣé igbá mẹ́wàá náà yóò jẹ́rìí pé omi náà dára? Ohun tí ó yẹ kí a kà ni iye orísun, kì í ṣe iye ẹnu.

Ẹnìkẹta wí pé, "Ẹni tí ó sọ ọ́ fún mi fẹ́ràn mi, kò sì lè purọ́ fún mi." Òtítọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ fún mi, èmi náà kò sì purọ́ fún Yèyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í pa irọ́ lè ru irọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í jalè ti lè ru ẹrù olè láìmọ̀. Ìfẹ́ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà láti Ìbàdàn dé Ayebode láàárín òru. Ìfẹ́ yára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò kàwé oníṣègùn. Nítorí náà, nígbà tí a bá bèèrè pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀?" a kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ni a ń wádìí. A kò wádìí ọ̀rẹ́.

Ẹnìkẹrin ni ó bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí inú ilé Ọlọ́run ni mo ti ń gbọ́ tirẹ̀. Ó wí pé, "Onígbàgbọ́ kì í bèèrè, ìbéèrè ni iyèméjì." Arákùnrin, ìwé wo ni o ti kà á? Nínú Ìṣe àwọn Aposteli, a yin àwọn ará Berea nítorí pé wọn kò gba ọ̀rọ̀ Paulu pàápàá láìwá inú Ìwé Mímọ́ wò. Paulu kan náà kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n máa dán ohun gbogbo wò. Òfin Mose kò sì gbà kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Bí àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ bá yẹ ọ̀rọ̀ aposteli wò, ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ inú tẹlifóònù tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò? Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ìyẹn kò sọ ẹnu aládùúgbò mi di ẹnu Ọlọ́run.

Ẹnìkarùn-ún wí pé ìbéèrè kì í ṣe àṣà Yorùbá, pé ọmọ tí ń bèèrè kò ní ẹ̀kọ́. Èyí burú jù lọ, nítorí ó purọ́ mọ́ àwọn baba ńlá wa. Àwọn tí wọ́n wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣé wọ́n fẹ́ kí ọmọdé pa ẹnu mọ́? Àwọn tí wọ́n wí pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣé wọ́n kórìíra ìbéèrè? Nígbà tí aáwọ̀ ilẹ̀ bá dé iwájú ọba àti àwọn ìjòyè ní ilẹ̀ Èkìtì, wọn a máa bèèrè ta ni ó kọ́kọ́ dá oko níbẹ̀, ta ni ó bá a pààlà, igi wo ni ó gbìn. Wọn kì í fi "wọ́n ní" pín ilẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń wádìí nítorí ebè iṣu, tí a kò sì fẹ́ wádìí nítorí ẹ̀mí?

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò tún wí pé, "Èmi kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ojú ara mi ni ó ṣe." Ẹ jẹ́ kí a yẹ èyí náà wò. Ẹ ti rí ọkùnrin tí ń ta oògùn nínú ọkọ̀ tí ń lọ láti Ìkọ̀lé sí Adó. Ìgò kan ṣoṣo, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo làkúrègbé, ó ń wo ibà, ó ń wo àìríbí. Èrò ọkọ̀ kan yóò dìde, yóò ní òun lò ó, ara òun sì yá. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ríro a máa dùn, a sì máa rọlẹ̀. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ó lò ó tí ó sì kú kò sí nínú ọkọ̀ náà láti dìde jẹ́rìí. Kí a tó gbà pé oògùn ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí a mọ iye àwọn tí ó lò ó tí ara wọn kò yá, àti iye àwọn tí kò lò ó tí ara wọn sì yá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn owó. Ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan olùkọ́ ilé-ìwé, gbé owó wọn fún ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ MMM, tí ó ṣe ìlérí èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé rí owó gbà lóòótọ́, wọ́n sì jẹ́rìí rẹ̀ kiri. Ẹ̀rí wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè ibi tí owó náà ti wá. Kò sí oko, kò sí ọjà, kò sí ilé-iṣẹ́. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni a ń fún ẹni tí ó ti dé ṣáájú. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, nígbà tí Kérésìmesì ń súnmọ́lé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá wádìí ì bá ti mọ̀ pé Sergei Mavrodi, tí ó dá MMM sílẹ̀, ti ṣe irú èyí ní Rọ́ṣíà, ó sì dojú dé ní ọdún 1994. Ojú rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan ni ojú rí.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ nísinsin yìí, kí ẹ má baà sá fún kòtò kí ẹ sì já sí kànga. Ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́ kò gbọ́n ju ẹni tí ó gba ohun gbogbo gbọ́ lọ. Ní ọdún 2003, Wọ́n Ní wí ní Àríwá pé ẹ̀kán oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn dá a dúró. Ìfura wọn kì í ṣe láìnídìí: ní ọdún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti dán oògùn titun kan wò lára àwọn ọmọ Kano, àwọn ọmọ kan kú, ọ̀ràn náà sì di ẹjọ́. Ìfura dára, nítorí òun ni í jí olùwádìí. Ṣùgbọ́n ìfura kò tí ì di ẹ̀rí. Kí Kano tó gbà á padà ní ọdún 2004, àrùn náà ti tún tàn ká, ó dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì dé Indonesia ní ọdún 2005. Ọmọ tí ó ń rákò di ẹni tí kò ní rìn mọ́, nítorí pé àwọn àgbà fura, wọn kò sì tètè wádìí. Nígbà tí a gba oògùn náà tí a sì tẹra mọ́ ọn, ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí ó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sí mọ́ ní Áfíríkà.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ èrè ìwádìí, ẹ padà pẹ̀lú mi sí ọdún 2014. Nígbà tí Sawyer dé ilé ìwòsàn First Consultant ní Obalende, ó ní òun kò bá ẹni tí ó ní Ebola pàdé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí a bí sínú ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, rí i pé oògùn ibà kò ṣiṣẹ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn aláṣẹ láti Làìbéríà ní kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Àrùn náà pa obìnrin yìí ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó wọ ìgboro. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bèèrè láti ilé dé ilé pé, "Ta ni ó fi ọwọ́ kan ta ni? Níbo? Ní ọjọ́ wo?" Ènìyàn 894 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Nínú gbogbo Nàìjíríà, ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 sì kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2014, a kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ìbéèrè ni ó lé Ebola lọ, iyọ̀ kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ wọ́n sórí bí wọ́n ti mọ ìṣirò. Èkínní: ta ni ó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀? Bí a bá dárúkọ ẹlòmíràn, ẹ tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi dé ìdí odò. Èkejì: báwo ni ẹni náà ṣe lè mọ̀? Adájọ́ lè mọ òfin, kí ó má mọ oògùn. Ẹ̀kẹta: bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, kí ni à bá rí? Bí iyọ̀ bá ń dènà Ebola, àwọn dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn ní Èkó ì bá ti kọ́kọ́ fi wẹ̀. Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Ẹ̀karùn-ún: kí ló dé tí a fi ń kán mi lójú? Òtítọ́ tí a bá wádìí ní òwúrọ̀ kò ní di irọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ a máa sọ pé kí ilẹ̀ má tíì mọ́.

Èyí kì yóò ṣe é ṣe bí a bá ń fi pàṣán dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí a nà nítorí pé ó bi olùkọ́ rẹ̀ pé "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" yóò dákẹ́, yóò sì dákẹ́ fún olóògùn, fún olówó èlé, àti fún wòlíì èké títí ayé rẹ̀. Kí olùkọ́ sì kọ́ bí a ti ń wí pé, "N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí a wá a." Mo ti ń wí i láti ọdún náà, ìjọ mi kò sì tí ì lé mi.

Ọmọbìnrin mi ti dàgbà báyìí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí nínú gbogbo ilé wa ní òru náà, òun nìkan ni ó bèèrè ohun tí ó tọ́, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo sì pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹlòmíràn bá tún kan ilẹ̀kùn yín ní òru tí ó ní "Wọ́n ní," ẹ má lé e, ẹ má sì bú u. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í léèrè pé, "Ta ni?"